Bí Ẹ Ṣe Máa So Ègé Wúùlù Pọ̀ Di Bùláńkẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè kan kò yéé wọlé sí mi láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ti hun ègé wúùlù onígun mẹ́rin kún báàgì. Báwo ni n ó ṣe sọ wọ́n di bùláńkẹ́ẹ̀tì?” Àwọn kan ló dá hun tiwọn. Ti àwọn tó pọ̀ jù, ẹgbẹ́ ló hun ún: ìyá ìjọ tàbí àwọn ọ̀rẹ́ ìyá ìkókó pín in láàárín ara wọn, kálukú mú mẹ́ta-mẹ́rin wá, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ẹni yẹn gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù níbí.

Kí ẹ tó wá abẹ́rẹ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: rírán kọ́ ló le níbẹ̀. Kí àwọn ègé dọ́gba ló le. Tí wọ́n bá dọ́gba, ẹni tó bá ti lè rán bọ́tìnnì yóò so wọ́n pọ̀. Tí wọn kò bá dọ́gba, ọ̀gá télọ̀ pàápàá yóò làágùn. Ìdí nìyẹn tí ìgbésẹ̀ kìíní àti ìkejì fi gùn ju àwọn yòókù lọ. Ẹ má fò wọ́n.

Ẹ kó nǹkan wọ̀nyí jọ

- Téèpù ìwọnṣọ
- Páálí kan tí ẹ gé ní íǹṣì 8 sí íǹṣì 8 (bíi sẹ̀ǹtímítà 20)
- Abẹ́rẹ́ olójú ńlá tí ṣóńṣó rẹ̀ kò mú. Èyí tó bá mú máa ń la òwú sí méjì
- Píìnì tí kì í dípẹtà, kí ó pọ̀
- Séfítí píìnì àti bébà kéékèèké
- Fóòmù tàbí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ tẹ́ táwẹ̀lì lé lórí
- Sísọ́ọ̀sì
- Wúùlù tí ẹ máa fi so ó pọ̀
- Ìkọ́ kíróṣéè (irin kan tí orí rẹ̀ kọ́, tí a fi ń hun wúùlù), tí ẹ bá mọ̀ ọ́n lò

Nípa wúùlù ìsopọ̀: ẹ wá èyí tó dán, tó lọ́ dáadáa, tó sì nípọn tó èyí tí wọ́n fi hun àwọn ègé. Èyí tó hu irun fúyẹ́fúyẹ́ máa ń há sínú ojú ìhun, ẹ ò sì ní lè tú u bí ẹ bá ṣì í. Wúùlù tí wọ́n fi ń di irun, èyí tí gbogbo ọjà ń pè ní Brazilian wool, dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n tèmi ni pé kí ẹ má fi ṣe ìsopọ̀, nítorí ó tín-ín-rín jù fún iṣẹ́ tí wọn yóò máa fà tí wọn yóò sì máa fọ̀. Bọ́ọ̀lù méjì ni kí ẹ rà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì wo nọ́ńbà aró tó wà lára bébà rẹ̀ kí ó bára mu. Tí ọ̀kan bá tán láàárín ọ̀nà tí ẹ wá padà sọ́jà, funfun tòní lè má jọ funfun tàná.

Ọ̀rọ̀ méjì tí n ó máa lò: “ojú” ni òwú tó kọ́ abẹ́rẹ́ ìhun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìhun tí ọ̀pọ̀ yín ń lò, tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ jọra, máa ń yọ gọngọ ní ìlà-ìlà bí ebè oko. “Ebè” náà ni n ó máa pè é.

Ègé mélòó ló máa tó?

Fún ègé oníǹṣì 8 (“5 sí 6” ni ègé 5 ní ìbú, ègé 6 ní gígùn):

- Ọmọ kékeré: 5 sí 6, ègé 30, yóò jẹ́ íǹṣì 40 sí 48
- Àgbàlagbà tó fẹ́ tẹ́ ẹ sórí itan: 5 sí 7, ègé 35, íǹṣì 40 sí 56
- Bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan: 8 sí 10, ègé 80, íǹṣì 64 sí 80

Ìwọ̀n íǹṣì 8 àti ègé 35 yìí náà ni Knit-A-Square tó ń kó bùláńkẹ́ẹ̀tì jọ fún àwọn ọmọ aláìní ní Gúúsù Áfíríkà ń lò. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà tí ẹ ń hun fún Warm Up America, ẹgbẹ́ tí òun náà ń fún aláìní ní bùláńkẹ́ẹ̀tì, tiwọn yàtọ̀: íǹṣì 7 ní ìbú, íǹṣì 9 ní gígùn ni, ègé 49 ló sì ń di ẹyọ kan. Ẹ béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ fún kí ẹ tó hun ojú kan.

Kí ẹ lè mọ bí ìsopọ̀ ṣe pọ̀ tó: bùláńkẹ́ẹ̀tì ègé 30 ní ibi 49 tí ègé méjì ti pàdé. Íǹṣì 8 lọ́nà 49 ń lọ sí yáàdì 11. Òwú tí ẹ máa fi rán an máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta gígùn yẹn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun so ó pọ̀ láàárín wíwo fíìmù kan, ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yẹ ègé kọ̀ọ̀kan wò

1. Ẹ tẹ́ ègé sílẹ̀ láì fà á, kí ẹ gbé páálí lé e lórí. Ohun tí ojú yín bá rí níbẹ̀ ni òótọ́. Ẹ má fi ọwọ́ fà á kí ó lè bá páálí mu.

2. Ẹ pín wọn sí òkìtì mẹ́ta: èyí tó bá páálí mu tàbí tí ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju ìdajì íǹṣì lọ, èyí tó fi ìdajì sí íǹṣì kan kéré tàbí tóbi, èyí tó jìnnà pátápátá.

3. Ẹ wo ìrù òwú tó ń ṣe jọ̀wọ̀lọ̀ níbi ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Ẹ má gé e. Ọ̀pọ̀ ń gé e kúrú kí ó lè mọ́, lẹ́yìn ìfọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ègé á bẹ̀rẹ̀ sí í tú láti igun.

4. Ẹ mọ irú wúùlù tó jẹ́. Bí ẹgbẹ́ bá hun ún, kò sẹ́ni tó tọ́jú bébà ara bọ́ọ̀lù. Ẹ gé òwú kékeré láti ara ìrù rẹ̀, kí ẹ fi nǹkan dì í mú, kí ẹ fi iná sí i lórí abọ́ irin. Wúùlù àgùntàn máa ń rùn bí irun jíjóná, eérú rẹ̀ á sì rún ní ọwọ́. Ákírílíìkì, ìyẹn wúùlù àtọwọ́dá tí kì í ṣe irun àgùntàn, máa ń yọ́, á sì dì gán-ín bí ó bá tutù. Ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Èyí tó pọ̀ jù nínú wúùlù ọjà wa, ákírílíìkì ni.

5. Ẹ dán àwọ̀ rẹ̀ wò. Pupa àti dúdú ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fi omi pa igun rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ funfun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ó bá yí aṣọ funfun, ẹ fọ ègé náà lọ́tọ̀ títí kò fi ní ṣí mọ́. Bí ó bá ṣì ń ṣí, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Òkìtì kejì ṣeé tún ṣe. Èyí tó kéré, ẹ fi ìkọ́ kíróṣéè yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Ìyípo kan máa ń fi bí ìdajì íǹṣì kún ìbú àti gígùn rẹ̀. Ní igun, ẹ ki ojú mẹ́ta sínú ihò kan náà kí ó má baà ká. Èyí tó gùn jù ṣùgbọ́n tí ìbú rẹ̀ dára, ẹ tú ìparí rẹ̀, ẹ yọ ebè mélòó kan, kí ẹ pa ojú rẹ̀ dé padà kí ó má baà tú. Èyí tí ìbú rẹ̀ pọ̀ jù ni kò ní oògùn, àfi kí ẹ tú u hun.

Bí ó bá wá jẹ́ pé èyí tó tóbi ló pọ̀ jù ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí àwọn tó pọ̀ pa òṣùwọ̀n. Ẹ gé páálí tuntun ní íǹṣì 8 àti ìdajì, kí ẹ fi kíróṣéè gbé àwọn kékeré bá wọn.

Òkìtì kẹta, ẹ má dá a padà fún ẹni tó hun ún lójú ẹgbẹ́. Ẹ sọ ọ́ di nǹkan mìíràn: ìrọ̀rí kékeré, àpò fóònù, ohun ìṣeré ọmọdé. Ẹni tí ẹ bá dójú tì lọ́dún yìí kò ní hun fún yín lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ na wọ́n kí wọ́n dọ́gba

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Ègé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí abẹ́rẹ́ máa ń ká, igun rẹ̀ máa ń wọ́. Nínà ló ń tún un ṣe.

*Tó bá jẹ́ wúùlù àgùntàn tàbí kọ́tìnnì:*

1. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ má fọwọ́ ra á.
2. Ẹ tẹ omi rẹ̀ jáde láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ẹ má fún un bí ẹni fún aṣọ.
3. Ẹ ká a sínú táwẹ̀lì gbígbẹ, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀.
4. Ẹ tẹ́ ẹ sórí fóòmù. Píìnì igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́, kí ẹ fi páálí wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó wá fi píìnì sí àárín etí kọ̀ọ̀kan, àti àárín àárín.
5. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá. Bí ẹ bá yọ píìnì nígbà tí ó ṣì tutù, ó ń ká padà nìyẹn.

*Tó bá jẹ́ ákírílíìkì:*

Ẹ fi píìnì dè é ní gbígbẹ. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù onísìtíìmù sókè ní íǹṣì kan sí i, kí èéfín rẹ̀ nìkan máa bọ́ sí i lára fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi tutù.

Ìkìlọ̀: áyọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ kan ákírílíìkì. Ooru máa ń pa á. Ebè rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, á máa dán, á sì rọ jọ̀wọ̀lọ̀. Kò sí ìfọ̀ tàbí rírẹ tó lè dá a padà.

Bí kò bá síná, ẹ fi ìgò tí a fi ń fín omi sírun fín omi sí i lẹ́yìn tí ẹ ti fi píìnì dè é, kí ẹ ṣílẹ̀kùn sí afẹ́fẹ́. Nígbà ọyẹ́, ó ń yá gbẹ ju ìgbà òjò lọ fíìfíì. Ákírílíìkì tí omi nìkan kàn kò ní le dáadáa bí èyí tí èéfín kàn, ṣùgbọ́n yóò tó fún ìsopọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ tò wọ́n

1. Ẹ tò gbogbo rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí ẹní. Kí àwọ̀ kan náà má fara kan ara wọn, kí dúdú má sì kó jọ sí apá kan.
2. Tó bá jẹ́ ìhun elébè, ẹ yí ègé kan sí òró, èyí tó tẹ̀ lé e sí ìbú, títí lọ. Ó ń fa ojú mọ́ra, ó sì ń jẹ́ kí bùláńkẹ́ẹ̀tì dúró dáadáa, nítorí ìhun elébè máa ń nà sí apá kan ju èkejì lọ.
3. Ẹ fi fóònù ya á. Ẹ yí fọ́tò náà sí dúdú-àti-funfun: ibi tó bá ṣú jù yóò hàn sí yín kíákíá.
4. Ẹ ki ègé tí ojú rẹ̀ kò gún sí àárín. Etí ni gbogbo ènìyàn ń fọwọ́ kàn.
5. Kí ẹ tó kó o nílẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà sí bébà, kí ẹ fi séfítí píìnì há a mọ́ ègé kọ̀ọ̀kan: 1-1, 1-2, 1-3, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọdé bá wà nílé yín, ẹ ṣe é lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ so wọ́n pọ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo máa sọ. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀nà.

*Ọ̀nà A: Ìránpọ̀ tí kò hàn.* Òun ni mo fẹ́ràn jù.

1. Ẹ tẹ́ ègé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí iwájú méjèèjì kọjú sókè.
2. Ẹ gé òwú tó gùn tó láti ìka yín dé èjìká, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá gùn jù máa ń lọ́ mọ́ra, á sì máa hu.
3. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gbé ojú kékeré tó wà ní ìparí ebè àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún. Ẹ gbé ti ebè tó kọjú sí i lápá òsì. Ẹ padà sápá ọ̀tún, sí ebè kejì.
4. Ẹ ṣe é tó bí ebè márùn-ún láì fa òwú le. Nígbà náà ni kí ẹ wá rọra fà á síwájú, kì í ṣe sókè. Etí méjèèjì á súnmọ́ ara wọn, òwú ìsopọ̀ á sì wọlé pátápátá.
5. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì na ibẹ̀. Bí ègé bá nà tí ibi ìsopọ̀ kò nà, ẹ ti fà á le jù. Ẹ dẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Níbi tí ebè ègé kan bá ti pàdé ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí ègé kejì, ojú kan fún ebè kan ni. Bí ojú 40 bá pàdé ebè 40, ẹ ti bọ́. Bí ó bá jẹ́ 40 àti 43, ẹ má dúró de ìparí kí ẹ tó rí i pé mẹ́ta ṣẹ́kù: ẹ fi píìnì de igun méjèèjì, ẹ de àárín, ẹ de ìlàjì ìlàjì, kí ẹ máa gbé ebè méjì lẹ́ẹ̀kan níbi tí ó bá ti pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó máa rí i.

*Ọ̀nà B: Ìrán-yípo.* Ẹ kó iwájú méjèèjì kọ ara wọn, kí abẹ́rẹ́ máa wọlé láti ọ̀tún bọ́ sí òsì lórí etí. Ó yá, ó rọrùn, ó ń hàn díẹ̀. Bí ẹ bá fi àwọ̀ tó yàtọ̀ ṣe é lójú iwájú, ó di ọ̀ṣọ́.

*Ọ̀nà D: Kíróṣéè.* Ẹ kó ẹ̀yìn méjèèjì kọ ara wọn, kí ẹ ki ìkọ́ la etí méjèèjì kọjá, kí ẹ hun wọ́n mọ́ra. Ó ń yọ gọngọ ní iwájú, ó sì lágbára ju A àti B lọ. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ wúùlù tó ìlọ́po méjì ti rírán. Fún àwọn ègé tó wá láti ọwọ́ oríṣiríṣi ènìyàn, òun ló ń bo àléébù jù.

Ọ̀nà yòówù tí ẹ bá mú, bí ẹ ṣe máa tẹ̀lé e nìyí: ẹ so ègé ìlà kìíní pọ̀ láti òsì dé ọ̀tún, kí ẹ so ti ìlà kejì, títí gbogbo ìlà á fi di abala gígùn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá so abala kan mọ́ èkejì. Ẹ má máa so ègé kan mọ́ igun kan lónìí, kí ẹ tún so òmíràn síbòmíràn lọ́la. Ibẹ̀ ni ihò àti ìkọlùkọgbà ti ń wọlé.

Ibi tí igun mẹ́rin ti pàdé ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù. Ẹ fi píìnì de igun kí ẹ tó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gbé òwú láti igun kan sọdá sí èyí tó dojú kọ ọ́ ní ìdábùú, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún méjì yòókù, kí ẹ tó máa lọ. Bí ẹ bá fo èyí, ìka ọmọdé á wọ ihò náà lọ́jọ́ kìíní.

Ẹni tí kò fẹ́ rán nǹkan kan rárá, tó sì jẹ́ pé òun nìkan ló ń hun, lè gbé ojú láti etí ègé tó ti parí, kí ó máa hun ègé tuntun láti ibẹ̀. Ojú kan fún ebè kan. Ẹgbẹ́ kò lè lo ọ̀nà yìí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìrù òwú àti ìgbátí

- Ẹ yí bùláńkẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀yìn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tọ ìrù òwú kọ̀ọ̀kan gba inú ebè lọ ní íǹṣì méjì, kí ẹ yí padà gba ọ̀nà mìíràn. Ákírílíìkì máa ń yọ̀, nítorí náà yíyí padà yẹn pọn dandan.
- Ẹ má ta kókó. Kókó máa ń le lára ọmọ, ó sì máa ń yọ sí iwájú.
- Ìgbátí: kíróṣéè ìyípo méjì sí mẹ́ta tó. Ojú mẹ́ta ní igun kọ̀ọ̀kan. Bí etí bá ń ru bí ìgbì, ojú ti pọ̀ jù. Bí ó bá ń ká wọlé, ojú ti kéré.

Bí ó bá jẹ́ fún ìkókó

Ẹ má fi òwú jọ̀wọ̀lọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ sí etí, ẹ má rán bọ́tìnnì mọ́ ọn, ẹ má sì hun ún ní oníhò ńlá-ńlá tí ìka lè há. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ń sọ pé bùláńkẹ́ẹ̀tì tí a kò dè kò yẹ kó wà níbi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ń sùn. Ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìgbà tí ojú àgbà bá wà lára ọmọ ni kí ó máa lò ó.

Fífọ̀

Omi tútù tàbí lọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀. Tó bá ní wúùlù àgùntàn kan ṣoṣo nínú, ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀ bí wúùlù àgùntàn; omi gbígbóná àti fífọwọ́ ra á ń mú un súnkì. Ẹ má sá a sórí okùn: omi tó wà nínú rẹ̀ wúwo, á fà á gùn lápá kan. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní níbòji.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kí wọ́n tó hun

Ẹ dà á kọ bó ṣe wà:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin àbúrò wa. Íǹṣì 8 sí 8 ni ègé wa. Ákírílíìkì nìkan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun: ojú méjì, kí ẹ máa fi ojú kan kún un ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan títí etí rẹ̀ yóò fi tó íǹṣì 8. Láti ibẹ̀, ẹ máa yọ ojú kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi ku ẹyọ kan. Bí ọwọ́ yín le, bí ó dẹ̀, téèpù ni kí ẹ tẹ̀lé, ẹ má ka ojú. Ẹ fi ìrù òwú íǹṣì 12 sílẹ̀, ẹ má gé e. Ẹ kọ irú wúùlù rẹ̀ sí bébà kí ẹ há a mọ́ ọn. Ẹ ṣeun.”